Ẹ Bi Onífèrè: ìbéèrè yín lórí fèrè páànù àwọn ará Ireland

Lóṣù tó kọjá ni mo sọ nínú ìwé ìròyìn yìí pé mo ti pé ọmọ ọdún 44 kí n tó fi ẹnu kan fèrè. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń wọlé. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Fún ẹni tí kò tíì rí fèrè yìí rí: ó gùn tó rúlà ọmọ ilé ìwé, ihò mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀, kò sí ọ̀kankan lẹ́yìn. Ara rẹ̀ lè jẹ́ idẹ tàbí páànù, orí rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ike. Feadóg ni wọ́n ń pè é ní èdè Ireland. Fèrè páànù ni èmi ń pè é ní tèmi.

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Balbriggan ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní kíláàsì kẹta mú fèrè bọ̀ láti ilé ìwé, wọ́n ní gbogbo wọn ló máa kọ́ ọ. Mo ní kí èmi náà bá a kọ́ ọ, mo sì ra tèmi ní yúrò 12. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, igbe ló ń ké. Bí mo bá ti gbé e sẹ́nu, ajá ilé kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mi ò mọ orin kankan ju orin ìjọ lọ. Ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi ni, àbí kí n lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ? Ìyá Ọmọ Kan*

Ìyá Ọmọ, kò pẹ́ rárá, ẹ má sì ná owó mìíràn. Fèrè olówó pọ́ọ́kú yẹn náà ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀. Generation tí orí rẹ̀ jẹ́ pupa tàbí búlúù, èyí tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Feadóg, tí wọ́n ń ṣe ní Ireland níbí, Clarke tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín ju orí rẹ̀ lọ, èyíkéyìí tí ẹ bá ní nínú wọn ti tó yín fún ọdún méjì, mẹ́ta. Kí ẹ ṣáà rí i pé D, orúkọ ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ni wọ́n kọ sí i lára.

Ohun méjì ló ń fa igbe yẹn. Èkíní, ihò kan wà tí kò dí. Ẹ bá mi ṣe èyí: ẹ di ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọwọ́ òsì lókè, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ wá ṣí ọwọ́ yín wò. Ẹ máa rí àmì roboto lára ìka kọ̀ọ̀kan, bí ojú ibi tí òrùka há sí. Ìka tí àmì tirẹ̀ kò bá yípo, tó dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, abẹ́ òun ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá jáde. Ní ti èmi, ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún ni, ó sì tó oṣù kan kó tó gbọ́ràn. Ẹ má fi ṣóńṣó ìka di ihò. Ibi tó rọ̀, tí a fi ń tẹ̀ka lọ́jọ́ ìdìbò, ni kí ẹ fi lé e, kí ìka tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má sì fún un bí ẹni tó ń fún aṣọ. Kó ṣáà dí ni.

Èkejì ni èémí. Gbogbo wa la kọ́kọ́ máa ń fẹ́ fèrè yìí bí ẹni tó ń fẹ́ iná igi tútù. Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fẹ́ ògì gbígbóná lórí ṣíbí kí ẹ tó fi sẹ́nu ọmọ yín nígbà tó wà ní kékeré: èémí ń jáde, ó ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n ògì kò dà nù. Ìwọ̀n yẹn ni ohùn ìsàlẹ̀ ń fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fèrè á fò lọ sí ohùn òkè lójijì, ohun tí ajá ilé kejì ń gbọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ iwájú ẹ máa nílò ohùn òkè yẹn. Ìka kan náà ni ẹ ó lò, ẹ ó kàn fi èémí kún èémí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má wá a lọ báyìí. Ètè ni kí ẹ fi mú ẹnu fèrè, kì í ṣe eyín. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohùn kan, ẹ sọ "tu" sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mo wá fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹ ní ẹ kò mọ orin. Ẹ mọ̀ ọ́n, Ìyá Ọmọ. Láti ìgbà tí ẹ ti ń fọhùn lẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì di ihò mẹ́ta òkè, ẹ jẹ́ kí mẹ́ta ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí, ẹ fọn ún: dò nìyẹn. Ẹ ká ìka kẹta kúrò: re. Ẹ ká ìkejì kúrò, kó ku èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò nìkan: mí. Lọ́dọ̀ àwọn olórin, G, A àti B lorúkọ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, dò re mí tí olùkọ́ fi pàṣán kọ́ wa ní àmì ohùn ni, kò yẹ̀ lẹ́sẹ̀ kankan. Ẹ wá fọn *ọkọ*: re re. Ẹ fọn *ọkọ́*: re mí. Ẹ fọn *ọkọ̀*: re dò. Ẹ fọn *ìlù*, dò dò, kí ẹ fọn *ìlú*, dò mí. Ìka mẹ́ta péré, ẹ sì ti ń sọ̀rọ̀.

Bí èmi náà ṣe rí i nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ kan, oúnjẹ ti délẹ̀, ọmọ mi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrè ṣì wà lọ́wọ́ mi. Dípò kí n lọgun, mo fọn "Máa bọ̀": mí re dò, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì, ìkejì tẹ̀ lé ìkẹta. Ilé dákẹ́ díẹ̀. Ohùn kan wá dáhùn láti òkè pé, "Mò ń bọ̀, Mọ́mì." Ìlú Dublin la bí ọmọ yẹn sí o, kò rí gángan rí àfi lórí fóònù. Mo dúró nídìí sítóòfù, omi bọ́ lójú mi.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, ohùn mẹ́ta yẹn nìkan ni kí ẹ máa fọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan, kí ọmọ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Kí òun náà sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ọwọ́ ọ̀tún wá dara pọ̀, ìka kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín mú *Fáinne Geal an Lae* bọ̀ wálé láìpẹ́, orin àfẹ̀mọ́júmọ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọ nílé ìwé níbí. Ẹ máa rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fèrè: ihò mẹ́fà dídí, márùn-ún, mẹ́rin. Dò re mí náà tún ni. Orin àwọn ará Ireland kì í sọ̀rọ̀ bí ìlù wa, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ etí tó mọ *ọkọ́* yàtọ̀ sí *ọkọ̀* kò ní ṣàì mọ ìgbà tí orin gòkè àti ìgbà tó sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ fèrè yìí ló ń fi ọ̀pọ̀ oṣù wá ohun tó ti wà létí yín.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Onífèrè. Ìbàdàn ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní London fi fèrè kan ránṣẹ́ sí mi, C ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo fọn recorder nígbà tí mo wà nílé ìwé, ṣùgbọ́n ìka recorder kò bá èyí mu. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá kan fèrè Ireland. Ọmọ Òkè-Àdó*

Kò bàjẹ́ o, Ọmọ Òkè-Àdó. Recorder ní ihò méje níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn fún àtàǹpàkò. Mẹ́fà péré ni tèyí. Ẹ gbàgbé ìka recorder pátápátá. Ẹ di gbogbo ihò, kí ẹ máa ká ìka kúrò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: dò, re, mi, fa, sọ, la, ti. Èmi ka èyí sí ẹ̀bùn ńlá. Kò sí ohun èlò orin mìíràn tí mo mọ̀ tó rọrùn báyìí láti bá dọ́rẹ̀ẹ́.

Ní ti C tó wà lára rẹ̀, bí ẹ bá ń dá nìkan fọn ún nílé, kò ṣe nǹkan kan. Ìṣòro dé bí ẹ bá fẹ́ bá ẹlòmíràn fọn ún, tàbí bí ẹ bá ń kọ́ ọ láti orí YouTube, nítorí D ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń lò. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, fèrè C ni mo gbé lọ sí ilé ọtí kan tí àwọn olórin ti ń jókòó ṣeré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin tí mo mọ̀ bí ẹní mowó, mo sì bá wọn gbé e. Ìka mi tọ̀nà, ṣùgbọ́n gbogbo ohùn tó ń jáde lẹ́nu fèrè mi rẹlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan sí tiwọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò mọ ohun tó dé. Ojú tì mí débi pé mo ti ń wá báàgì mi. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi concertina, dùùrù kékeré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì fà, ṣeré kò sọ nǹkan kan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó yọ fèrè D kan jáde, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó nà án sí mi. "Èyí ni," ló wí. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní, kò gbà kí n dá a padà. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó fi D ránṣẹ́.

Ẹ wá fún àwọn ọ̀rẹ́ yín lésì yìí. Ará Ireland kọ́ ló kọ́kọ́ fi páànù ṣe fèrè yìí fún títà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Clarke ni, ní abúlé Coney Weston ní Suffolk, lọ́dún 1843, kó tó kó lọ sí Manchester. Àwọn ará Ireland gbà á, wọ́n sì fi orin bàbá wọn sí i nínú títí ó fi di tiwọn. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa náà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn ọmọ òpópónà Johannesburg gba irú fèrè kan náà, wọ́n fi dá orin kwela sílẹ̀. Ẹ wá Spokes Mashiyane, onífèrè kwela, lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fà á, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ihò mẹ́fà yẹn náà ni o. Ẹni tó bá fèrè gbé ló ni fèrè.

*Àǹtí, òṣìṣẹ́ òru ni mí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Dublin. Ọdún kan àbọ̀ rèé tí mo ti ń fọn fèrè, mo lè ka orin lórí ìwé dáadáa, orin bí 20 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí session kan, ìjókòó tí àwọn olórin ti ń ṣeré pọ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó, mi ò lè bá wọn gbé ẹyọ kan. Wọ́n ń sáré, orin kan ń wọnú òmíràn, kò sí ẹni tó ní ìwé níwájú. Mo padà sílé, mi ò sì tíì fọwọ́ kan fèrè mi láti ọjọ́ náà. Aláìlórun*

Aláìlórun, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, nítorí ẹ ti ṣiṣẹ́ gidi. Ojú yín ló ti kọ́ fèrè, ó wá ku etí.

Ẹ wo ọmọ Àyàn. Ta ló gbé ìwé síwájú rẹ̀ rí? Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń gbọ́, ó ń fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n gbé ìlù lé e léjìká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Ireland ṣe ń fi orin wọn léni lọ́wọ́. Ìwé wà, ṣùgbọ́n olùránnilétí ni ìwé, kì í ṣe orin. Nítorí náà, ẹ mú orin kan ṣoṣo nínú 20 tí ẹ ní, ẹ pa ìwé rẹ̀ dé. Ẹ wá ẹni tó fọn ún lórí fóònù, ẹ dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, YouTube fàyè gba ìyẹn. Ẹ gbọ́ gbólóhùn kan, ẹ fi ẹnu kọ ọ́. Bí ẹnu kò bá tíì lè kọ ọ́, ìka ò ní lè fọn ún. Ọ̀pọ̀ àwọn orin yìí ní apá méjì, wọn a máa ṣe apá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà gbólóhùn tí ẹ máa kọ́ kò pọ̀ tó bó ṣe dún létí yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú orin tí wọ́n ń ṣe. Níbí, wọ́n máa ń fi orúkọ oúnjẹ kọ́ ọmọ kékeré ní ìró ẹsẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ díndín àti sọ́séèjì ni wọ́n ń pè. Mo fi oúnjẹ tiwa rọ́pò rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Sátidé. Jig ń rìn ní mẹ́ta mẹ́ta: *àkàrà, àkàrà, àkàrà, àkàrà*. Reel ń rìn ní mẹ́rin mẹ́rin: *mọ́ínmọ́ín, mọ́ínmọ́ín*. Polka tí wọ́n fẹ́ràn ní Kerry kúrú, ó sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún: *dòdò, dòdò*. Nígbà míì tí ẹ bá lọ jókòó sí session, ẹ jẹ́ kí fèrè wà lórí ẹsẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nínú ọkàn yín: àkàrà ni àbí mọ́ínmọ́ín? Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti wọlé dé ẹnu ọ̀nà. Polka ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ fún àtigbé pẹ̀lú wọn, kì í ṣe reel.

Ìwà àwùjọ náà kò le. Ẹ má jókòó sáàárín agbo títí wọn ó fi pè yín. Ẹ má fọn orin tí ẹ kò mọ̀, ẹ má sì máa wá ohùn rẹ̀ kiri létí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn wọn. Bí wọ́n bá sinmi láti mu nǹkan, ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní orúkọ orin tó kọjá. Inú wọn máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tún wá ẹ̀ka Comhaltas, ẹgbẹ́ àwọn olórin ìbílẹ̀ Ireland, tó bá sún mọ́ yín. Ẹgbẹ́ yẹn ti wà láti ọdún 1951 nítorí irú ẹni bíi tiyín gan-an, kíláàsì àwọn àgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wọn, ibẹ̀ sì ni ẹ ti máa rí session tí wọ́n ti ń rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rí ìsinmi gbà lóṣù Keje, Miltown Malbay ní Clare ni kí ẹ gbà lọ. Ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ orin Willie Clancy níbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan kò sí igun ìlú tí orin kì í ti í dún.

Kí ẹ tó sùn láàárọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gbọ́ Micho Russell, onífèrè ará Doolin, tó kú lọ́dún 1994. Kò sáré. Kò kó ọ̀ṣọ́ lé orin lórí. Ẹ máa gbọ́ ibi tó ti ń mí, ẹ ó sì gbọ́ pé kò fi mímí yẹn pamọ́, ó fò ohùn kan kó lè mí, orin sì ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá gbọ́ Mary Bergin, àwo rẹ̀ ti ọdún 1979, láti mọ ibi tí fèrè yìí lè dé. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ o, mi ò ní kí ẹ fi díwọ̀n ara yín. Ẹ mú fèrè yẹn jáde lónìí.

*Ma, bí mo bá ti fọn fèrè mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ á há, á máa dún bí ẹni tí òtútù mú. Kí ni kí n ṣe? Peckham*

Omi èémí yín ló ń dì sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní ẹnu fèrè, nítorí ara fèrè tutù. Ẹ fi orí rẹ̀ sábẹ́ apá tàbí sínú àtẹ́lẹwọ́ kó lọ́wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá há láàárín orin, ẹ fa èémí wọlé kíákíá láti ẹnu rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ìka dí fèrèsé kékeré tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ líle lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sínú ojú ọ̀nà yẹn, ẹ̀kán kan péré, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Omi kò ní lè dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ láé, ojú ọ̀nà yẹn ni ohùn fèrè.

*Ẹ káàárọ̀ ma. Ọmọ ọdún 8 ni mí, mo wà ní Drogheda. Ìka mi kò dé ihò tó kẹ́yìn. Gbogbo àwọn tó kù nínú kíláàsì ló dé e. Mo ti sunkún. Mọ́mì mi ló bá mi kọ lẹ́tà yìí.*

Ọmọ mi àtàtà, má sunkún mọ́. Gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ wò: ó ń dàgbà lójoojúmọ́, fèrè ò sì dàgbà. Ní báyìí, má fi orí ìka dí ihò tó kẹ́yìn. Na ìka náà gbọọrọ kí ibi tó súnmọ́ oríkèé wá bò ó. Jẹ́ kí ìgúnpá rẹ kúrò lára ìhà rẹ díẹ̀, kí àtàǹpàkò ọ̀tún wà lábẹ́ fèrè, láàárín ihò kẹrin àti ìkarùn-ún. Bí kò bá tíì dé e, bá àwọn tó kù fọn orin náà, kí o sì fo ohùn kan yẹn bó bá ti dé. Àgbà onífèrè náà máa ń fo ohùn, wọ́n ń mí nígbà náà.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo rẹ̀ máa dí pátápátá. Fọn ún jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó ń fẹ́ ògì. Wàá gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú fèrè rẹ, ara fèrè á sì gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Sọ fún Mọ́mì kó tún bá ọ kọ lẹ́tà sí mi lọ́jọ́ yẹn.